Kílọ́ọ̀ṣì Ọ̀kadà Tó Lẹ̀ Nítorí Pé Ó Pẹ́ Nílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Tú U

Ọ̀kadà ti wà nílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà. Ẹ gbé e jáde, ẹ nù ún, ẹ rọ epo tuntun sí i, ẹ tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dáhùn. Ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra pátápátá, ẹ tẹ gíà kìíní. Gbì! Ó ta síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn, ẹ́ńjìnì sì kú. Ẹ tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ẹ pa á, ẹ fi í sí gíà, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tì í: kò lọ, àfi bíi pé ẹ kò fa ohunkóhun. Kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà tó sì ń já a, ti lẹ̀ nìyẹn: àwọn pléètì inú rẹ̀, tó yẹ kó fi ara wọn sílẹ̀ tí ẹ bá fa ọwọ́, ti lẹ̀ mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó gbé sípánà ni pé kílọ́ọ̀ṣì tó lẹ̀ yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń tú láìjẹ́ pé èèyàn ṣí ẹ́ńjìnì rárá. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àna mi kan gbé tirẹ̀ wá sílé ní Ọ̀yọ́. Ó gbé e sẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó, ó gba oko lọ. Ìgbà tó máa fi padà sí i, òjò kan àti ọyẹ́ kan ti kọjá lórí rẹ̀. Ó pe mẹkáníìkì. Ìyẹn ní pléètì ti jóná, ó gbowó pléètì tuntun, ó gbowó iṣẹ́, ó ṣí i, ó dì í padà. Ọ̀kadà ṣì ń ta gbì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo kàn yọ kébù kílọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ẹ́ńjìnì, mo fi ọwọ́ fà á. Kò lọ, kò bọ̀. Ó ti dípẹtà mọ́ inú rọ́bà rẹ̀. Àwọn pléètì tí wọ́n tú jáde tí wọ́n jù sínú garawa kò ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo mọ iye ọjọ́ tí bàbá yẹn fi ro ebè kó tó rí owó náà. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ètò tí mo tò sísàlẹ̀ yìí láti orí èyí tó rọrùn lọ sí èyí tó le nìyẹn. Ẹ má fò kan.

Irú Honda CG125 ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó jáde ní 1976, pẹ̀lú àwọn ti Ṣáínà tí wọ́n fi wò ó ṣe, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Bí tiyín bá jẹ́ oríṣi mìíràn, ibi tí bóòtù wà lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kan náà ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì

Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ń gbé. Pléètì oríṣi méjì ni wọ́n tò léra wọn: ọ̀kan ní ìbora tó rí bíi kọ́ọ̀kì lójú méjèèjì, èkejì jẹ́ irin lásán. Oníkọ́ọ̀kì kan, irin kan, oníkọ́ọ̀kì kan, irin kan, bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìyẹn. Àwọn oníkọ́ọ̀kì ń bá ẹ́ńjìnì yí, àwọn irin ń bá gíà yí. Sípíríǹgì ló ń tẹ gbogbo wọn pọ̀ kí agbára ẹ́ńjìnì lè dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì náà á dẹwọ́. Ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń ṣe nìyẹn. Kò sí ohun kankan tó ń fa pléètì kúrò lára ara wọn. Ọ́ìlì àti yíyí tí wọ́n ń yí ló ń jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀.

Tí ọ̀kadà bá wà wá wà lójú kan fún oṣù púpọ̀, sípíríǹgì á máa tẹ̀ wọ́n tọ̀sán tòru. Ọ́ìlì àárín wọn á fún jáde, díẹ̀ tó kù á sì gan bí epo pupa nígbà ọyẹ́. Bí omi bá tún ti wọ inú ọ́ìlì, ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, á sì di kọ́ọ̀kì mú. Ẹ ti to àwo tánńganran tútù léra rí, tí ẹ wá fẹ́ yọ ti òkè lọ́jọ́ kejì? Ẹ kì í fà á lọ sókè, ẹ máa ń fi ọwọ́ lọ́ ọ ni. Ohun méjì ló ń tú kílọ́ọ̀ṣì náà: ooru tó ń sọ ọ́ìlì di rírọ̀, àti lílọ́ tó ń yí pléètì lódì sí ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kébù

Ẹ gbé ọ̀kadà lé dọ́bù sítáǹdì. Ẹ wo apá ọ̀tún ẹ́ńjìnì, níbi tí kébù kílọ́ọ̀ṣì parí sí. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí kébù so mọ́. Kí ẹnì kan máa fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin máa wo irin náà. Bí wọ́n bá fà á, ó gbọ́dọ̀ rìn; bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀. Bí kò bá rìn, tàbí tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́, ẹ kò tíì ní ọ̀ràn pléètì. Kébù ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu méjèèjì. Ẹ di okùn irin inú rẹ̀ mú, kí ẹ fà á síwá sẹ́yìn. Tó bá dára, á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Tó bá ń há, ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó kí ẹnu kan wà lókè. Ẹ gé igun ọ̀rá omi tútù kan, ẹ fi rọ́bà dì í mọ́ ẹnu kébù tó wà lókè kó dà bí àrọ, kí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì síbí mẹ́ta sínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ títí ọ́ìlì á fi máa kán nísàlẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Èyí tó kọ́kọ́ jáde á pọ́n bí omi erùpẹ̀. Ẹ dúró títí tó fi mọ́. Ẹ máa fa okùn inú rẹ̀ lóòrèkóòrè kí ọ́ìlì lè wọ ibi gbogbo. Bí okùn kan ṣoṣo bá ti já lára àwọn fọ́nrán rẹ̀, tó ń gún yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ da ọ́ìlì sí i. Ẹ ra òmíràn. Kébù tó bẹ̀rẹ̀ sí í já á já tán lójú títì, ọjọ́ tí trélà wà lẹ́yìn yín ló sì máa ń jẹ́.

Ẹ kán ọ́ìlì sí ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti sí ìdí irin kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì náà, torí àwọn méjèèjì ń gan. Ẹ dá kébù padà, kí ẹ tún un wọ̀n: orí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ lè mì ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Bí mímì yẹn bá pọ̀ jù, ẹ fà á tán, pléètì kò ní tíì dẹ̀ dáadáa, kílọ́ọ̀ṣì á sì dà bí èyí tó lẹ̀. Bí kò bá mì rárá, pléètì á máa yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ. Nọ́ọ̀tì tó ń tún un ṣe wà létí ọwọ́ àti nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ́ìlì

Ẹ yọ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì, ẹ fi aṣọ funfun nu irin ìwọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì tí wọ́n pò, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má sítáàtì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ já a dànù kí ẹ rọ tuntun. Tó bá dúdú lásán, ẹ lè fi ṣiṣẹ́ ìtúsílẹ̀ yìí, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣì gbóná lẹ́yìn náà, torí gbogbo ìdọ̀tí tó bá tú lára pléètì á bá a jáde.

Lára ike ọ́ìlì tuntun, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí. Àwọn ará Japan ló gbé ìwọ̀n yẹn kalẹ̀ ní 1998 fún ọ̀kadà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbé inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n bá kọ Energy Conserving sí lára lè mú kí pléètì máa yọ̀. Nǹkan bíi lítà kan ni CG125 ń gbà; irin ìwọ̀n ni kí ẹ gbà gbọ́.

Mo ti rí àwọn tó ń da kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnì kó lè fọ kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á sì wà á lọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ọ́ìlì kan náà ni písítíìnì àti bíárìn ń mu. Kẹrosíìnì á bù ú là, irin á máa họ irin, ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ́ìlì lítà kan tún ṣe á wá di títún gbogbo ẹ́ńjìnì ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ooru, àti rọ́bà tyúùbù

Ẹ gbé e síta gbangba. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnì tó ń pa èèyàn láìjẹ́ pé ó rùn sí i. Ẹ fi í sí fírí (kó má sí nínú gíà kankan), ẹ sítáàtì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì á fi gbóná tí ọwọ́ kò ní lè pẹ́ lára rẹ̀. Ẹ máa fa kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ máa tú u sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ pa á. Ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, kí ẹ fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tyúùbù dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Ooru ti sọ ọ́ìlì di rírọ̀, sípíríǹgì kò sì tẹ pléètì mọ́, ọ́ìlì á máa wọ àárín wọn díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbésẹ̀ yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, mo sì ti rí i tó dá ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ń kánjú ni kì í ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mímì

Lówùúrọ̀, ẹ má tíì tú rọ́bà. Ẹ sọ ọ̀kadà kalẹ̀ kúrò lórí dọ́bù sítáǹdì. Ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa. Ẹ fi í sí gíà tó ga jù. Bí gíà kò bá fẹ́ wọlé, ẹ máa ti ọ̀kadà síwá sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ mú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ máa tì í síwájú kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, kúkúrú kúkúrú, pẹ̀lú agbára. Gíà ńlá ni mo ní kí ẹ lò nítorí pé ní gíà kìíní, agbára yín kò ní dé ọ̀dọ̀ pléètì tó bó ṣe yẹ.

Ẹ máa fetí sílẹ̀. Tó bá tú, ẹ máa gbọ́ “pa” kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ike ọ́dà tó ti pẹ́, ọ̀kadà á sì rìn lójijì láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń bá a yí. Ó lè ṣì wúwo díẹ̀; ọ́ìlì ló ń fà á, kò burú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bíréèkì ẹ̀yìn

Bí mímì kò bá tú u, èyí ló lágbára jù láìṣí ẹ́ńjìnì. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹ gbé ọ̀kadà lé dọ́bù sítáǹdì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀ rárá, kí táyà iwájú fara ti ògiri. Kí ẹnì kejì di iwájú mú. Kí ọmọdé má sí nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìbáà ṣe agbádá ìbáà ṣe ìró. Ṣéènì tó ń yí kò mọ ìka yàtọ̀ sí aṣọ.

Ẹ sítáàtì rẹ̀ ní fírí, kó gbóná. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì pátá, ẹ tẹ gíà kìíní. Á ké gbì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófurufú. Ẹ rọra lọ sí kejì, lẹ́yìn náà kẹta. Ẹ fún un ní iná díẹ̀, kò gbọdọ̀ hó. Bí ẹ ti di kílọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wọnú. Nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ti tú. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, kò tíì tú. Ẹ tún un ṣe. Mo máa ń fún un ní ìgbà mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín. Kò yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gíà náà ń jìyà.

Àwọn kan máa ń gùn ún jáde, wọ́n á tì í títí á fi sítáàtì nínú gíà, wọ́n á wá máa yí iná kí wọ́n máa tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọ̀kadà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò já kò ṣeé dá dúró láìpa ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá máa ṣe é dandan, pápá ilé ẹ̀kọ́ lásìkò ìsinmi ni kí ẹ lọ, ẹ dé àṣíborí, kí ìka yín wà lórí ibi tí wọ́n fi ń pa á. Kì í ṣe ojú títì.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀: ṣíṣí i

Tó bá dé ibí, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó yẹ tàbí tí ẹ kò tíì ṣí ẹ́ńjìnì rí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ sì ní kó fi pléètì han yín kí ẹ tó sanwó òmíràn.

Fún ẹni tó máa ṣe é fúnra rẹ̀: ẹ já ọ́ìlì sínú abọ́. Ẹ yọ kébù, ẹ yọ kíìkì àti ohunkóhun tó bá dí ìdérí ọ̀tún lọ́wọ́. Bóòtù ìdérí náà kì í gùn bákan náà. Ẹ mú páálí kan, ẹ ya àwòrán ìdérí sí i, kí ẹ máa gún bóòtù kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Ìdérí náà á lẹ̀ mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà tó ń dí àárín ìdérí àti ẹ́ńjìnì. Ẹ fi igi tàbí òòlù rọ́bà gbá a yíká jẹ́jẹ́. Ẹ má ki ẹnu sikurudiráfà bọ àárín, alumíníọ̀mù ni, á họ, ọ́ìlì á sì máa yọ níbẹ̀ títí láé.

Sípíríǹgì mẹ́rin lẹ máa rí, bóòtù kan sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ má tú ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ tú wọn ní ìlà àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jọ dẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ohun tó di àárín kílọ́ọ̀ṣì mú ló kù, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì tó ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ìṣó àti òòlù tú u. Ẹ yá irinṣẹ́ náà.

Bí pléètì bá jáde, ẹ tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà. Ẹ gbé irin kọ̀ọ̀kan lé orí gíláàsì: bó bá ń mì, ó ti tẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ búlúù, ooru ti jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán, ẹ fi sáńdípépà kíkúnná pẹ̀lú ọ́ìlì fọ̀ ọ́ yípo títí á fi mọ́. Ti oníkọ́ọ̀kì, ẹ wò ó bóyá ìbora rẹ̀ ti ń ré, tàbí tó ti gbẹ bí èèpo igi. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kàn nù ún, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì tuntun di ọjọ́ kejì. Pléètì tuntun pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá kì bọnú ní gbígbẹ á jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tún fi ìka wo etí ilé kílọ́ọ̀ṣì níbi tí etí pléètì ń wọ̀. Bí ibẹ̀ bá ti ní kòtò kéékèèké, pléètì á máa há síbẹ̀, tuntun ìbáà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, ẹ fọ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò tán, kí ẹ lo tuntun. Ẹ má kùn ún ní gọ́ọ̀mù bí ẹni kun búrẹ́dì. Èyí tó bá fún sínú á já bọ́, á sì dí ọ̀nà ọ́ìlì. Bóòtù sípíríǹgì, ẹ dì wọ́n ní àgbélébùú bí ẹ ṣe tú wọn, kí wọ́n le, ṣùgbọ́n ẹ má gun orí wọn. Ibi tí wọ́n ń wọ̀ ń dá.

Ìdánwò

Ẹ rọ ọ́ìlì, ẹ tún kébù wọ̀n. Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ fi í sí gíà kìíní, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tì í. Ó gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ há. Ẹ wá sítáàtì rẹ̀, kó gbóná, ẹ fi í sí gíà kìíní, kí ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú fún bí ìṣẹ́jú kan láìlọ síbì kankan. Bí kò bá fà yín síwájú, tí ẹ sì lè dá a padà sí fírí láìjà, iṣẹ́ ti dára. Ẹ gùn ún nítòsí ilé ní gíà kékeré fún ọjọ́ kan kí ẹ tó fi gbé èrò tàbí àpò gàrí.

Bó bá tún máa wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, kí ẹ máa sítáàtì rẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí á fi gbóná, kí ẹ sì fa kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà ogún. Ẹ lè fi rọ́bà tyúùbù yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra kí ẹ tó fi tapólì bò ó. Ohun tí àna mi ń ṣe báyìí nìyẹn, rọ́bà pupa ló fi ń dì í kó má baà gbàgbé láti tú u.

Fún ẹni tó ṣí ẹ́ńjìnì, ó ku ohun kan. Ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnì lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ gùn ún. Ẹ wò ó lówùúrọ̀. Bí ọ́ìlì bá kán sí i, ẹ wo ibi tó ti wá, ẹ tún bóòtù ibẹ̀ dì díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ páálí mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà.